A Kì Í Ta Omikan

Ẹni tí ó bá ń wá ilé Kàbírátù ní àdúgbò Madagascar ní ìlú Douala kò níláti bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Imú rẹ̀ ni kó máa tẹ̀ lé. Bó bá ti kọjá ilé ẹ̀rọ ìlọta, tó yà sí ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, òórùn ògì kíkan yóò wá pàdé rẹ̀, yóò fà á lọ́wọ́, yóò sì mú un dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò kan a máa ní òórùn náà ti pọ̀ jù. Mùktárù ọkọ rẹ̀, tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Sandaga, a máa dá wọn lóhùn pé àlùbọ́sà òun àti ògì ìyàwó òun ti ń jìjàkadì nínú yàrá láti ọjọ́ táwọn ti fẹ́ra, kò sì tíì sí èyí tó dá èkejì.

Ìkòkò kan wà ní igun ilé ìdáná tí Kàbírátù kì í jẹ́ kó gbẹ. Omikan ló wà nínú rẹ̀, omi kíkan tó máa ń dúró lókè bí ògì bá ti silẹ̀. Bó bá fẹ́ rẹ àgbàdo tuntun, yóò bu díẹ̀ nínú omikan náà sí i. Bó bá lọ̀ ọ́, tó sẹ́ ẹ, tó sì silẹ̀ tán, yóò bu omi orí rẹ̀ padà sínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni ti àná ṣe ń kọ́ ti òní níṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ló bu ti àkọ́kọ́ fún un ní Ṣakí, nínú ike kékeré kan, lọ́jọ́ tó ń tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ bọ̀ ní Kamẹrúùnù. Ó gbé e sórí itan dé Ikom. Ní ẹnubodè, ọlọ́pàá kan ní kó ṣí ike náà kí òun wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kó tètè máa lọ, kò tilẹ̀ wo ìwé rẹ̀ mọ́.

Ìyá rẹ̀ kò fún un ní omikan lásán, ó fi òfin kan tì í.

“Ògì ni kí o máa tà,” ni ìyá náà wí. “A kì í ta omikan. Ẹni tó bá wá bù ú, bu fún un. O ò mọ ọmọ ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná tí wọ́n fẹ́ fi po àgbo fún. Bó jẹ́ ọ̀tá rẹ ló gbé igbá dání, bu fún un.”

Kàbírátù pa òfin náà mọ́. Fáṣínà tó ń ránṣọ létí títì kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kọjá kó má gbé ìgò wá, nítorí ó gbà pé kò sí àìsàn tí egbò igi inú omikan kò lè lé jáde. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ń wá. Ọ̀tá tí ìyá rẹ̀ sọ náà sì wá.

Rọ̀kíbátù ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Kàbírátù ló ti kọ́ iṣẹ́ ògì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n jọ ń kiri, wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà. Nígbà tó lọ́kọ, tó fẹ́ kó lọ sí Yassa lọ́nà Yaoundé, ó bá obìnrin kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn bíríkìlà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, obìnrin náà sì ni oníbàárà Kàbírátù tó tóbi jù lọ. Bí Rọ̀kíbátù ṣe kó ẹrù rẹ̀ lọ ló kó oníbàárà náà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ gan-an, ojú kò tì í, ó gbé ike wá bu omikan. Kàbírátù bù ú kún ike dé ẹnu, kò wo ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé níbi ìkómọ, ọ̀kan a máa wo òrùlé, èkejì a máa wo bàtà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun Kàbírátù báyìí kì í ṣe Rọ̀kíbátù. Orúnkún ni. Ó ti gbé ògì kiri Madagascar àti gbogbo New Bell débi pé orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, àràárọ̀ ló sì ń ké ju tàná lọ. Bí kò bá rí ibì kan jókòó sí, iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Jacqueline ti wọlé. Jacqueline ni obìnrin tó ń ta beignet ní oríta, èyí tí àwa ń pè ní pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, pẹ̀lú ẹ̀wà sísè àti ẹ̀kọ gbígbóná tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní bouillie. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni èrò ti ń tò níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń bá a se bouillie ti padà sí abúlé rẹ̀, kò sì ní padà wá mọ́. Àga rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ agbòòrùn, àga oníke aláwọ̀ búlúù kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán tí wọ́n fi wáyà dì. Lójú Kàbírátù, kò sí àga tó dára tó o nínú gbogbo ìlú Douala.

Jacqueline ti ní òun ṣe tán láti fún un ní àga náà, bí ògì rẹ̀ bá dára. Ó gba ògì díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti lọ sè é nílé rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kejì ó dé, ó fi èdè Píjìn àti Faransé tí àwọn méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ jíṣẹ́ fún un.

“Asso,” ló wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe oníbàárà àti ọ̀rẹ́ ọjà níbẹ̀, “n ò ní purọ́ fún ẹ. Ògì ẹ yìí, c'est trop acide. Mo fi ṣíbí kan sẹ́nu, ojú mi méjèèjì pa dé. Ọkọ mi bi mí bóyá mo ń sunkún.”

“Ó kan díẹ̀ ni.”

“Díẹ̀ kọ́. Tẹ́tí. Lọ́jọ́ Sunday, àwọn tó ń bọ̀ láti Máàsì máa ń pọ̀ gan-an. Gbé ògì wá lọ́jọ́ náà, ká sè é níwájú wọn. Bó bá dùn mọ́ wọn, jókòó. Bó bá tún rí bí eléyìí, asso, má bínú, ìyẹ̀fun àgbàdo Sandaga ni màá máa lò, màá sì wá ẹlòmíì tí yóò máa rò ó.”

Kàbírátù padà sílé, ó ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó bá lè mú ẹni jókòó, ó yẹ kéèyàn ṣe é dé gongo. Bó bá jẹ́ kíkan ni Jacqueline kò fẹ́, kíkan ni yóò lé jáde nínú ilé yìí. Ó da gbogbo ògì tó ti wà nílẹ̀ fún àwọn aládùúgbò. Ó fọ báàfù, ó fọ asẹ́, ó fọ aṣọ tó fi ń sẹ́ ògì, ó ra Javel, omi bíléèṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ó tún fi ìyẹn fọ gbogbo wọn. Ó wá kan ìkòkò omikan. Ó mọ ara rẹ̀: bí ìkòkò náà bá ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò bu omikan sí àgbàdo láìtilẹ̀ bi í. Ọwọ́ tó ti ń ṣe ohun kan láti ìgbà ọmọdébìnrin kì í gba àṣẹ tuntun. Ó gbé ìkòkò náà, ó dà á sí gọ́tà, ó sì fi Javel fọ òun náà.

Òórùn tuntun wá gba ilé kan, òórùn ilé ìwòsàn. Nígbà tí Mùktárù ti ọjà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo nọ́ńbà ilé.

“Mo rò pé mo ṣi ilé wọ̀ ni,” ló wí.

Kàbírátù fi omi tó mọ́ rẹ àgbàdo, kò jẹ́ kó pẹ́ nínú omi, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó sì ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti rántí. Ó tún rẹ òmíràn sílẹ̀ fún ọjọ́ Sunday. Inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó tọ́ ọ wò, kò kan rárá. Bí omi tí wọ́n fi ẹfun sí ló rí lẹ́nu.

Láàárọ̀ Friday, ó ṣí báàfù náà, ó sì yáa dé e padà. Ó tún ṣí i, bóyá imú rẹ̀ ló tàn án jẹ. Òórùn tó jáde kì í ṣe ti kíkan. Ó dà bí aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú lailọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Nígbà tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ògì náà ń fà bí ilá, ó sì ti bu ní etí báàfù, àmì pupa rẹ́súrẹ́sú yí i ká. Ooru Douala kì í fi oúnjẹ tí kò ní ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀.

Hamidah ọmọ rẹ̀ ló jáde láti yàrá. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni Hamidah wà, ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ló ń kọ́. Douala ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, a wá jókòó kí Faransé gbé e dé ilé.

“Màmá, kí ló ń rùn comme ça?”

“Ògì ni. Mo fọ̀ ọ́.”

“Ẹ fọ ògì?”

“Mo fọ gbogbo ẹ̀. Ìkòkò, báàfù, asẹ́. Mo fi Javel fọ̀ ọ́ kó má baà kan.”

Hamidah wo igun ilé ìdáná, ó wo ìkòkò tó dojú dé. “Omikan ńkọ́?”

“Mo dà á nù.”

“Donc ẹ ti pa wọ́n.”

“Mo pa ta ni?”

“Àwọn kòkòrò. Kì í ṣe èyí tó ń jáni o. Wọ́n kéré, ojú kò lè rí wọn. Wọ́n ń jẹ ṣúgà tó wà nínú àgbàdo, lẹ́yìn náà wọ́n ń...” Hamidah wá ọ̀rọ̀ náà títí, “wọ́n ń yàgbẹ́ acide. Acide lactique. Òun ló ń kan yẹn. Bí acide yẹn bá wà níbẹ̀, kòkòrò burúkú kò lè gbé ibẹ̀. Ó máa ń lé wọn. C'est ça tó ń jẹ́ kí ògì pẹ́ kó tó bàjẹ́. Wọ́n kọ́ wa.”

Kàbírátù wo ọmọ rẹ̀ dáadáa. “Hamidah. Ìgbẹ́ kòkòrò ni mo ti ń tà fún ọmọ Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí?”

“Ìgbẹ́ tó dáa ni, Màmá.”

“Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ fún Jacqueline.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Kàbírátù kò pẹ́. Ó ti máa ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé ògì tó bá kan ló ń tọ́jọ́, ó sì ti gbà á bí ẹni gba orúkọ rẹ̀, láìbéèrè ìdí. Ó wá yé e báyìí pé kíkan náà ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé, òun fúnra rẹ̀ ló sì lé ọlọ́dẹ lọ nítorí pé àlejò ní ojú rẹ̀ le.

“Ṣé kò lè kan fúnra rẹ̀?” ló bi Hamidah.

“Ó lè kan. Mais ó máa pẹ́. Ó lè kọ́kọ́ rùn, kó tó wá dára.”

“Ọ̀tunla ni Sunday.”

“Ẹ lọ bu omikan lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fún.”

Àwọn aládùúgbò ti jẹ ògì tó fún wọn tán, àwọn ìyá ọlọ́mọ sì ti fi omikan tiwọn po àgbo. Ọ̀dọ̀ Fáṣínà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ, nítorí kò jìnnà. Fáṣínà ń fi ẹ̀rọ rán ṣòkòtò, ìgò rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó gbé ìgò náà jáde tìfẹ́tìfẹ́. Egbò igi kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, omi inú rẹ̀ sì ti dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìdí ìkòkò.

“Omikan yín nìyí, Ìyá Hamidah. Mo kàn fi nǹkan díẹ̀ sí i ni.”

“Fáṣínà, èyí kì í ṣe omikan mọ́. Ogun ni.”

“Ògùn ni, ẹ jọ̀ọ́, ògùn ni. Jẹ̀díjẹ̀dí kan ò lè dúró níwájú ẹ̀.”

“Bí mo bá fi èyí ṣe ògì fún àwọn tó ń bọ̀ láti Máàsì, gbogbo wọn ni yóò sáré padà sílé kí wọ́n tó jẹ beignet kan. Jacqueline yóò pa mí.”

Fáṣínà gbé ìgò rẹ̀ padà sábẹ́ tábìlì, ó sì nu ún díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú ọmọ rẹ̀ lójú. “Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí mo mọ̀ tó ṣì ní omikan yín ní ìlú yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.”

“Má dárúkọ ẹ̀.”

“N ò dárúkọ ẹ̀. Yassa ló ń gbé.”

Kàbírátù bínú lọ sílé, ó fi ìbínú náà wẹ̀, ó kírun Jímọ̀, ó sì gbé ike òfìfo. Takisí gbé e dé Ndokoti, òmíràn gbé e láti ibẹ̀ lọ sí Yassa. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń tún ọ̀rọ̀ tí yóò sọ tò. Ní àkọ́kọ́, yóò ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Nígbà tó ṣe, ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń ti Madagascar kọjá lọ ní Yassa pẹ̀lú ike òfìfo lọ́wọ́. Ó wá pinnu pé òun yóò kàn kí i, òun yóò sì dákẹ́, kí ike máa sọ̀rọ̀.

Òórùn ló fi mọ ilé náà, òun gan-an ló ń tẹ̀ lé imú rẹ̀ lónìí. Òórùn tirẹ̀ ni, òórùn ilé ìyá rẹ̀ ní Ṣakí. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, ó wọ àgbàlá kan, ó sì bá Rọ̀kíbátù níbi tó ti ń sẹ́ ògì, apá rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ti sanra díẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí àlejò rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí omi ògì tó dà sílẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Ìyá Hamidah.”

“O ṣeun. Dìde, aṣọ rẹ ń tutù.”

“Kó tutù.” Kò dìde. “Ṣé ẹ wá gba oníbàárà yín ni?”

“Orúnkún mi kò lè gbé e délé.”

“Ẹ tilẹ̀ ti pẹ́ jù. Ó ti fi èmi náà sílẹ̀. Ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ mi bí mo ṣe gbà á lọ́wọ́ yín, ẹni yẹn náà ń bọ̀ wá sunkún láìpẹ́.” Rọ̀kíbátù rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹjú sílẹ̀. “Ohun tí mo ṣe yẹn kò dára. Mo ti fẹ́ wá sọ ọ́ tipẹ́. Bí mo bá dé Ndokoti, ojú á tì mí, màá padà.”

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Kàbírátù ti tò nínú takisí, kò sí èyí tó bá èyí mu. Ó yí ike tó fi pamọ́ sẹ́yìn wá síwájú.

Rọ̀kíbátù rí ike náà. Ó wò ó, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó tún wo ike. Ẹ̀rín kọ́kọ́ ta lẹ́nu rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká, ó wá di ẹ̀rín tí kò ṣeé dá dúró.

“Ìyá Hamidah. Ẹ̀yin.”

“Rẹ́rìn-ín tán, kó o tó bu omi fún mi.”

“Kí ló ṣe ti ilé?”

“Mo fi Javel fọ̀ ọ́.”

Rọ̀kíbátù dijú bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òkú fún. Kàbírátù ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, ti Jacqueline, ti àga búlúù, ti ìgbẹ́ kòkòrò, títí kan ogun tó wà nínú ìgò Fáṣínà. Kó tó sọ ọ́ tán, àwọn méjèèjì ti jókòó sórí àpótí kan náà, ọ̀kan ti ń bá èkejì fún aṣọ ògì.

Rọ̀kíbátù mú un lọ sí igun àgbàlá, níbi tí ìkòkò kan wà lábẹ́ ibòji. “Ẹ wò ó. N kì í jẹ́ kó gbẹ. Ṣé ẹ mọ orúkọ tí mo sọ ọ́? Ìyá Hamidah. Bí mo bá fẹ́ rẹ àgbàdo, màá ní kí ọkọ mi bá mi bu Ìyá Hamidah wá. Àwọn aládùúgbò rò pé orí mi dà rú.”

“Orí rẹ ti dà rú tipẹ́.”

“Ẹ kò wo ojú mi lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ bù ú kún dé ẹnu. Mo rí i.” Ó gba ike náà, òun náà sì bù ú kún dé ẹnu. “Ẹni tó da omi síwájú, Ìyá Hamidah.”

“Mo ti tẹ ilẹ̀ tútù. Fún mi ní ìdérí.”

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dí ọ̀nà pa nígbà tó fẹ́ padà. Ó gun ọ̀kadà, èyí tí wọ́n ń pè ní bendskin níbẹ̀. Boris ni orúkọ ẹni tó ń wà á, ọmọkùnrin gíga kan tó ń kọrin bó ti ń sáré. Ẹ̀rù ń ba Kàbírátù kí omikan má dà, nítorí náà ó dé ike náà pinpin, ó sì há a sáàárín àyà rẹ̀ àti ẹ̀yìn Boris. Òun tó yẹ kó mọ̀ jù lọ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Omikan nǹkan ẹlẹ́mìí ni, kì í gba àhámọ́. Gbogbo kòtò tí Boris bá bọ́ sí, omikan náà ń mì, ó ń wú, kò sì sọ fẹ́nikẹ́ni.

Ní Ndokoti, láàárín ọkọ̀ àti èrò, ìdérí náà fò. Ó dún bí ìbọn. Omikan tú sí ẹ̀yìn Boris, ó tú sí ọrùn rẹ̀, ó gba abẹ́ akoto rẹ̀ wọlé. Boris dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó sì gbóòórùn ìka rẹ̀.

“La mère,” ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “matango lẹ gbé?”

Matango ni wọ́n ń pe ẹmu níbẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí wo obìnrin oníhíjáàbù tó gbé ẹmu mọ́ àyà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹnì kan ní kó bu díẹ̀ fún òun.

“Ẹmu kọ́,” ni Kàbírátù fi Píjìn wí. “Omi ògì ni. Ti bouillie.”

“Bouillie ló ń yìnbọn?”

“Ìwọ sá wa ọkọ̀ rẹ.”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dé ẹnu ike náà títí wọ́n fi dé Madagascar. Boris kò kọrin mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó béèrè ibi tí wọn yóò ti máa ta bouillie náà. Kàbírátù sọ oríta Jacqueline fún un, ó fi kún un pé bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Díẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ ike. Mùktárù wò ó, ó kẹ́dùn, ó béèrè bóyá ìyẹn tó. Kàbírátù ní ìyá òun kò bu jù bẹ́ẹ̀ lọ fún òun láti Ṣakí. Ó da àbọ̀ rẹ̀ sí àgbàdo tó ti rẹ sílẹ̀, ó sì fi omi ṣan àwọn báàfù léraléra títí òórùn Javel fi kúrò lára wọn pátápátá. Ní Saturday, ó lọ àgbàdo náà, ó sẹ́ ẹ, ó da omikan tó kù sí i, ó fi aṣọ tó mọ́ bò ó, ó sì fi í sílẹ̀. Fífi í sílẹ̀ yìí ló nira jù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ kò rọrùn fún ẹni tó ń wá àga. Hamidah ló ń lé e kúrò nídìí báàfù.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́.”

“Ṣé wọ́n mọ̀ pé Sunday lọ̀la?”

Nígbà tí Mùktárù ti ọjà dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wo nọ́ńbà ilé. Ó fa imú, ó sì gbé àpò àlùbọ́sà rẹ̀ sílẹ̀.

“Ọ̀tá mi ti dé,” ló wí. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti àjò bọ̀.

Ní àárọ̀ Sunday, Kàbírátù gbé ògì náà dé oríta. Ó funfun, ó dán, omi orí rẹ̀ mọ́ gaara. Ẹ̀wà Jacqueline ti ń hó, beignet ti ń wú nínú òróró, àga búlúù wà níbẹ̀. Kàbírátù kò wò ó, kí ojú rẹ̀ má baà wọ ohun tí kò tíì di tirẹ̀. Ó da omi orí ògì náà sínú ike tó gbé wá, ó po ògì, omi gbígbóná sì ti ń ya nínú ìkòkò ńlá. Jacqueline na ọwọ́ sí abẹ́ tábìlì, ó fa lailọ́ọ̀nù kan jáde. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ó gé ọ̀kan sí méjì, ó sì gbé e sórí ìkòkò.

Kàbírátù di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

“Citron ni,” ni Jacqueline wí. “Mo fẹ́ fún un sí bouillie.”

“Kí ló dé?”

“Kí ló dé kẹ̀. Ta ló ń se bouillie láìfún citron sí i? Bí ìyá mi ṣe ń sè é ní Nkongsamba nìyẹn. Láìsí i, kò lẹ́nu, bí omi lásán ló ń rí.”

Kàbírátù kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. “Èyí tí mo fún ẹ, tó o lọ sè nílé. Ṣé o fún citron sí i?”

“Bien sûr.”

“Mélòó?”

“Bí mo ṣe máa ń fún un sí ti ìyẹ̀fun ni. Gbogbo èyí tó wà nínú...” Jacqueline wo ọsàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ògì nínú báàfù. Ó ti ìka bọ inú báàfù, ó lá a. “Ah non. Ìwọ ti fi kíkan tìrẹ sí i láti ilé.”

“Láti Ṣakí ni mo ti fi sí i.”

“Èmi náà wá fi tèmi lé e.”

“O wá ní ojú rẹ pa dé.”

Jacqueline rẹ́rìn-ín débi tó fi níláti di tábìlì mú. Ó ní òun ti gbé ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà lé àwọn Nàìjíríà lórí, pé òun ti sọ fún ọkọ òun pé bí wọ́n ṣe máa ń jẹ ata ni wọ́n ṣe ń jẹ kíkan, láìmọ ìgbà tó tó. Kàbírátù ronú Javel, ó ronú gọ́tà, ó ronú ọrùn Boris, gbogbo rẹ̀ nítorí ọsàn tí ẹnì kan kò dárúkọ. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ibi tí ìbínú yóò jókòó sí.

Wọ́n se ẹ̀kọ náà láìfún ohunkóhun sí i. Jacqueline bu ṣíbí kan, ó fẹ́ ẹ, ó tọ́ ọ wò. Ó bu ìkejì. Kàbírátù rí i pé ojú rẹ̀ kò pa dé. Ńṣe ló ń là sí i. Àwọn tó ti Máàsì bọ̀ ti dé, Brigitte ló ṣíwájú wọn, obìnrin kan tí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dán bí dígí, tí kò sì sí àṣìṣe oúnjẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í mú. Wọ́n bu bouillie fún un. Ó mu ún, ó dúró, ó tún mu ún.

“Jacqueline,” ló wí, “ibo lo ti ń ra citron báyìí? Èyí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

“Bi asso mi,” ni Jacqueline dá a lóhùn, “òun ló ni citron náà.” Ó fi ẹsẹ̀ fa àga búlúù náà jáde láti abẹ́ agbòòrùn, ó sì gbá a lórí kí eruku lè kúrò. “Jókòó, jàre. Ìwọ ni wàá máa rò ó.”

Kàbírátù jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n fi wáyà dì. Àga náà ké díẹ̀, orúnkún rẹ̀ náà ké, àwọn méjèèjì sì dákẹ́. Ó gbé ọmọrogùn. Láti ibi tó jókòó sí, ó rí gbogbo ọ̀nà tó ti máa ń gbé igbá gbà, ó rí Fáṣínà tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìgò rẹ̀ tó ti fọ̀, ó sì rí Boris tó ń pààkì ọ̀kadà rẹ̀ sí ọ̀ọ́kán, bó ti yẹ kí ẹni tó mọ agbára bouillie náà ṣe.

Nígbà tí èrò dín kù díẹ̀, Jacqueline mú ìgò òfìfo kan, ó tẹ̀ síwájú ike omikan.

“Asso, omi yìí ló ń ṣe iṣẹ́ náà, àbí? Mo fẹ́ gbé díẹ̀ lọ sílé. Èló ni?”

“A kì í tà á.”

“Kí ló dé?”

“Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é ní Ṣakí nìyẹn.” Ó bu omikan náà kún ìgò dé ẹnu, ó nà án sí i, ó sì di ìdérí rẹ̀ mú sọ́wọ́ ara rẹ̀. “Èyí, má lò ó rárá o. Bi Boris.”